Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọjọ́ Kan Wo Òkè Ìdànrè àti Ààfin Déjì láti Àkúrẹ́

Ẹni tí ó bá dé Àkúrẹ́, tí ó sì ní ọjọ́ kan péré lọ́wọ́, máa ń gbọ́ ìmọ̀ràn oríṣiríṣi. Àwọn kan á ní kí ó gun Òkè Ìdànrè, kí ó yà sí Ihò Eléérú, kí ó dé Ọ̀wọ̀ lọ wo ààfin Ọlọ́wọ̀, kí ó sì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkógòsì pa ìrìn àjò náà dé. Gbogbo ibi wọ̀nyí ló dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ọjọ́ kan rí gbogbo wọn kí ó sì rí wọn dáadáa. Ojú ọ̀nà ni yóò gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Méjì péré ni èmi máa ń sọ pé kí àlejò mú: Òkè Ìdànrè láàárọ̀, ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́, nírọ̀lẹ́. Ìdí tí mo fi so àwọn méjèèjì pọ̀ ni pé ààfin ni ẹ ó bá ní ibi méjèèjì. Ọ̀kan wà lórí òkè, ìlú tí ó yí i ká sì ti ṣí kúrò níbẹ̀. Èkejì wà láàárín ìgboro Àkúrẹ́, ọba sì ń gbé nínú ọgbà rẹ̀ títí di òní. Ẹni tí ó bá rí àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà yóò lóye bí àwọn baba wa ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń tẹ ìlú dó, ju ẹni tí ó ya fọ́tò ní ibi márùn-ún lọ.

Ìgbà tí ó yẹ kí ẹ lọ

Àkókò tí ó dára jù láti gun òkè náà ni láti ìparí oṣù Kẹwàá títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Òjò ti ń dáwọ́ dúró nígbà náà, ọyẹ́ kò sì tíì dé, nítorí náà ojú ọ̀run máa ń mọ́, ẹ ó sì lè rí ọ̀nà jíjìn láti òkè. Bí ọyẹ́ bá ti mú, láti àárín oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, ara máa ń tutù láàárọ̀, gígun òkè kì í sì í nira, ṣùgbọ́n eruku máa ń bo àwọn òkè tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán, tí ẹni tí ó wá nítorí ìran wíwò kò fi ní rí ju èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ. Oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Òjò àkọ́rọ̀ kì í dá wá. Ìjì àti àrá ni wọ́n jọ ń rìn, ibi tí òkúta sì ga tí kò sí igi kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń dúró sí nígbà tí àrá bá ń sán. Bí ẹ bá wà lókè, tí ojú ọ̀run sì ṣú láti ọ̀sán, ẹ má ṣe dúró wò ó bóyá yóò kọjá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, tàbí kí ẹ wọ inú ilé tí amọ̀nà bá fi hàn yín. Ẹ má ṣe sá sí abẹ́ igi tí ó dá dúró.

Ní ti wákàtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kúrò ní Àkúrẹ́ ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Òkúta máa ń gba oòrùn sára, tí ó bá sì fi máa di aago mọ́kànlá, ooru ń bọ̀ láti òkè, ó tún ń bọ̀ láti ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wà nínú ìlú àtijọ́ lórí òkè kí ó tó di ìgbà náà ti bọ́ lọ́wọ́ apá tí ó le jù. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí ààfin Déjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àkúrẹ́ lẹ ti sùn tí ààfin sì wà nítòsí. Ààfin ní ibòji. Òkè kò ní. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ yan ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀, nítorí pé ọjọ́ Sátidé ni òkè máa ń kún, òun náà sì ni ọjọ́ tí ìnáwó máa ń mú kí ọkọ̀ há ní Àkúrẹ́.

Ohun tí ẹ ó mú dání

Bàtà ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ wọ kánfáàsì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ dán, nítorí pé sálúbàtà àti bàtà olówó tí ènìyàn ń wọ̀ lọ sí òde kò wúlò lórí àpáta. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní omi tirẹ̀, lítà kan àbọ̀ ó kéré tán, kí ẹ sì mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà tàbí búrẹ́dì díẹ̀ dání. Àpò ẹ̀yìn ni kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo láti di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Ẹ mú fìlà tí yóò bo ojú, aṣọ òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àti owó kéékèèké, nítorí pé ẹ kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé POS nígbà tí ẹ bá fẹ́ san owó amọ̀nà tàbí kí ẹ ra omi.

Ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, ikọ́ fée tàbí orúnkún tí ó ń dùn ún gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó gbéra, kí ó sì mú oògùn rẹ̀ sínú àpò, kì í ṣe kí ó fi í sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀. Àwọn àgbàlagbà máa ń gun òkè yìí, àwọn ọmọdé pẹ̀lú. Ohun tí ó ń dá ènìyàn dúró kò ju ìkánjú lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ìyá tàbí bàbá yín bá bá yín lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ṣáájú pé àwọn lè jókòó sí ibi ìsinmi èyíkéyìí tí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí ẹnì kan sì dúró tì wọ́n. Kò bójú mu kí á fi àgbà sílẹ̀ ní òun nìkan nítorí pé a fẹ́ dé òkè.

Ojú ọ̀nà, ẹnu géètì àti amọ̀nà

Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 20. Bí ẹ kò bá ní ọkọ̀ tiyín, ẹ ní kí awakọ̀ takisí mú yín dé ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń kó èrò Ìdànrè, kí ẹ sì sọ ní kedere pé Odòde ni ẹ ń lọ. Ìlú mẹ́ta ni ó para pọ̀ di Ìdànrè lónìí, àwọn ni Odòde, Àlàdé àti Àtòsìn. Àlàdé ni ẹni tí ó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ máa ń kọ́kọ́ kàn, ọ̀pọ̀ àlejò sì ti bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé Odòde ni àtẹ̀gùn wà.

Ẹ má sùn nínú ọkọ̀. Oko kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó wà lọ́tùn-ún lósì, nítorí pé ilẹ̀ kòkó pọ́ńbélé ni Ìdànrè. Nígbà ìkórè, ẹ ó rí kòkó tí wọ́n sá sórí tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí ẹnì kan á máa fi igi tàbí ẹsẹ̀ ro ó kí ó lè gbẹ dọ́gba, òórùn kíkan rẹ̀ á sì wọnú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń súnmọ́ ìlú ni àwọn òkúta ńlá á máa yọ láàárín igi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí tí wọn ó fi yí ọ̀nà ká.

Ní ẹnu géètì, ẹ san owó ìwọlé, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ béèrè bóyá owó kámẹ́rà wà lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gba amọ̀nà, kí ẹ má sì wò ó bí ìnáwó tí kò pọn dandan. Àtẹ̀gùn lè mú ẹnikẹ́ni dé òkè, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá dé ìlú àtijọ́, ilé amọ̀ tí ó wó àti ilé amọ̀ tí kò wó ni ẹ ó rí bí kò bá sí ẹni tí yóò sọ fún yín pé ta ni ó gbé ibẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ibo ni kí ẹsẹ̀ àlejò má dé. Ọmọ Ìdànrè ni kí ẹ mú, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ rí kí ẹ tó dúnàá dúrà: “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àwa mẹ́rin la wà, màmá wa sì wà láàárín wa. A fẹ́ rí ààfin Ọwá, kóòtù àtijọ́, ẹsẹ̀ Agbóógún àti Omi Àpàárá, a ò sì kánjú rárá. Èló ni ká máa mú bọ̀?” Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wo màmá náà, kì í ṣe àpò yín. Bí ó bá ní, “Ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, màámi, òkè ò ní sá lọ,” ẹ ti rí amọ̀nà.

Gígun àtẹ̀gùn

Àtẹ̀gùn 667 ni àwọn ará Ìdànrè ń kà, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti máa kà wọ́n, nítorí pé ẹni tí ń ka àtẹ̀gùn kì í wo ohun mìíràn. Ohun tí ẹ ó fi díwọ̀n ìrìn yín ni ẹnu yín: bí ẹ bá ń gòkè tí ẹ kò lè sọ̀rọ̀ parí láì mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ti ń yára jù. Apá ìbẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ, nítorí pé ara ṣì le. Wọ́n á sáré dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́, wọ́n á sì rọ sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí àwọn àgbàlagbà bá ń kọjá lára wọn. Ẹ jókòó ní gbogbo ibi ìsinmi márààrún, kódà bí kò bá rẹ̀ yín. Ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹ yíjú sẹ́yìn kí ẹ wo Odòde nísàlẹ̀, bí páánù òrùlé rẹ̀ ṣe ń kéré sí i.

Bí ẹ bá ń sinmi, ẹ wo òkúta fúnra rẹ̀. Irú òkúta tí a ń pè ní gíránáìtì ni. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ó ti dì láti ara ohun gbígbóná tí ó yọ́, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òjò àti oòrùn wá ń ṣí ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò, wọ́n ń jẹ òkúta tí kò le tó o tí ó yí i ká, títí tí òun fi yọ gíga sókè báyìí. Ẹ ó rí ibi tí awẹ́ òkúta fẹ̀ǹfẹ̀ kan ti là kúrò lára òkè, tí ó sì ti yọ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀. Bí òkúta ṣe ń bó nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, láti ìta wá sínú. Òun náà ni ó sì jẹ́ kí orí àwọn òkè wọ̀nyí rí roboto. Àwọn ìlà dúdú gígùn tí ó ṣàn láti òkè wá sísàlẹ̀ lára àpáta, ewéédò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè dá rí lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó ń hù síbi tí omi òjò ń gbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n bí omi bá kàn wọ́n, wọn a máa yọ̀. Nítorí náà, níbikíbi tí ẹ bá ti kúrò lórí àtẹ̀gùn, ibi tí òkúta ti funfun tí ó sì gbẹ ni kí ẹ máa tẹ̀, kí ẹ sì fo àwọn ìlà dúdú dá.

Koríko kan tún wà tí ó hù ní ìdì ìdì lórí àpáta níbi tí kò sí ilẹ̀ rárá. Ní oṣù Kejì, ènìyàn yóò rò pé ó ti kú, nítorí pé ewé rẹ̀ á ti gbẹ, á sì ti ká. Ó kàn ń sinmi ni. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ sí i, ewé kan náà yóò ṣẹ́ padà di tútù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má ṣe fà á tu láti fi ṣe ìrántí, nítorí pé ó máa ń pẹ́ gan-an kí ìdì kan tó tóbi.

Ìlú tí ó wà lókè

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í ṣe. Wọ́n á dé òpin àtẹ̀gùn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní àwọn ti gun Òkè Ìdànrè, wọ́n á sì yíjú padà. Àtẹ̀gùn kì í ṣe ohun tí a bá wá. Ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ ni. Ìlú odidi kan ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, nínú àfonífojì láàárín àwọn òkè, àwọn ará Ìdànrè sì gbé níbẹ̀ fún nǹkan tí ó súnmọ́ 1,000 ọdún kí wọ́n tó ṣí wá sísàlẹ̀ ní 1933. Nítorí bí ìlú náà àti àwọn òkè rẹ̀ ṣe rí ni ó fi wọ ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fi sílẹ̀ fún àjọ UNESCO ní 2007, kí wọ́n lè gbé e yẹ̀wò bí ogún àgbáyé. Ẹ ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ fún un, ó kéré tán.

Kí ẹ tó wọ inú ilé kankan, ẹ dúró ní àárín ìlú kí ẹ wo àyíká yín. Òkè yí ibẹ̀ ká. Ọ̀tá tí ó bá fẹ́ jagun wọlé kò lè bá ojú kan ya wọlé lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀. Ojú ọ̀nà tóóró ni yóò gbà, ẹni tí ó wà lókè á sì ti rí i kí ó tó dé. Ẹ wá rántí àpò tí ẹ gbé sẹ́yìn láàárọ̀, bí ó ṣe wúwo tó nígbà tí ẹ fi máa dé òkè. Orí ni wọ́n fi ń ru iṣu, igi ìdáná àti gbogbo ohun tí wọ́n bá rà gun òkè yìí, kò sì sí irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn nígbà náà. Ẹni tí ó bá fi ara rẹ̀ mọ ìwọ̀n iṣẹ́ yẹn yóò lóye ìdí tí ìlú fi lè pinnu láti sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ogun ti tán nílẹ̀.

Ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ ṣí fìlà, kí ẹ sì dúró kí amọ̀nà wọlé ṣáájú. Àgbàlá tí ojú ọ̀run ń wò ni ó wà láàárín, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíká rẹ̀, àwọn òpó gbígbẹ́ sì ni ó gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dúró. Ẹ súnmọ́ òpó kan, ẹ má fọwọ́ kàn án, kí ẹ wo bí agbẹ́gilére ṣe fi odindi igi kan ṣe ènìyàn, tí ó fi orí rẹ̀ ṣe ibi tí àjà ń jókòó lé, tí ẹrù ilé sì wá wà lórí ère náà láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ fi ìnira hàn. Ibi tí ọ̀bẹ rẹ̀ gbà kọjá ṣì hàn níbi tí òjò kò dé. Ààfin yìí kò kú pátápátá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba kò gbé ibẹ̀ mọ́; àwọn ará Ìdànrè ṣì ń gòkè wá ṣe ètùtù, ojúbọ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bọ. Nítorí náà, bí amọ̀nà bá ní kí ẹ má ṣe wọ yàrá kan tàbí kí ẹ má ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má bá a jiyàn.

Láti ààfin, ẹ ní kí ó mú yín dé kóòtù àtijọ́ àti ibi tí wọ́n gbé agogo kọ́. Ìwọ̀nyí kéré, ẹ kò ní pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé ìjọba àwọn òyìnbó àti ìgbàgbọ́ tuntun ti bá àwọn ènìyàn yìí lórí òkè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ rìn nítòsí àwọn ibojì. Òkìtì kan lè wà níbi tí ẹ fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé kí ẹ má mọ̀.

Ẹsẹ̀ Agbóógún ni àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ràn jù. Agbóógún jẹ́ ọdẹ àti akọni nínú ìtàn Ìdànrè, ojú ẹsẹ̀ kan tí ó wà lára àpáta ni wọ́n sì ń pè ní tirẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni yóò bá a mu, ìbáà jẹ́ ọmọdé, ìbáà jẹ́ àgbà, àfi ti àjẹ́. Àwọn ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dára kí ẹ fipá mú ẹni tí kò bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i. Omi Àpàárá, ìyẹn omi àrá, náà wà lára ohun tí ó yẹ kí ẹ rí. Ẹ jẹ́ kí amọ̀nà fúnra rẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀, nítorí pé ẹnu ọmọ onílé ni ó ti dùn jù.

Ẹ ní kí ó fi Òkè Orósùn hàn yín pẹ̀lú. Orí díẹ̀ nínú àwọn òkè Ìdànrè súnmọ́ mítà 900 sí ojú òkun, ti Orósùn sì ni orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ọmọ Ìdànrè, nítorí pé ọdún Orósùn tí wọ́n ń ṣe ní oṣù Karùn-ún wà lára ọdún tí ó tóbi jù fún wọn. Ẹ má ṣe dán gígun orí òkè yẹn wò nínú ọjọ́ kan yìí. Kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀, kò sì jẹ́ ti ẹni tí ó ní ibòmíràn láti dé nírọ̀lẹ́.

Gbogbo ìdọ̀tí yín, ẹ kó o padà sínú àpò. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nínú pàlàpálá òkúta, tàbí orúkọ olólùfẹ́ méjì tí wọ́n fi ìṣó kọ sára ògiri amọ̀ tí ó ti dúró ṣáájú kí a tó bí baba wọn. Ògiri amọ̀ kì í wò sàn. Ibi tí wọ́n bá ti ha ni òjò ń gbà wọlé.

Sísọ̀kalẹ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Sísọ̀ kì í gba èémí, orúnkún ni ó ń gbà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ di irin mú, kí ẹni tí orúnkún ń dùn máa fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀. Ní Odòde, ẹ jẹ iyán. Ilẹ̀ Oǹdó kò fi iyán ṣeré, ẹni tí ó bá sì ti gòkè tí ó sọ̀ kalẹ̀ kò ní láti bẹ ara rẹ̀ kí ó tó jẹ ẹ́ tán. Ẹ fi àsun sílẹ̀ di alẹ́ ní Àkúrẹ́, nítorí pé ata rẹ̀ àti oòrùn ọ̀sán kò bára mu nínú ọkọ̀.

Ààfin Déjì

Ẹ ó ti padà dé Àkúrẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Ẹ pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó lọ sí ààfin; aṣọ tí ó ti gba eruku òkè kì í ṣe aṣọ ààfin, ṣòkòtò péńpé sì kò yẹ níbẹ̀ rárá. Ó tún ṣe pàtàkì kí ẹ ti rán ẹnì kan ṣáájú, tàbí kí ẹ yà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, láti béèrè bóyá ẹ lè wo ààfin àtijọ́. Ilé ọba ni. Bí ètùtù tàbí ìpàdé bá wà, wọ́n lè ní kí ẹ padà wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀.

Ìtàn Àkúrẹ́ sọ pé Asodéboyèdé, tí ó jẹ́ ọmọ ọmọ Odùduwà, ni ó ti Ilé-Ifẹ̀ wá tẹ ìlú dó, ọdún 1150 sì ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ fún ìgbà tí wọ́n kọ́ ààfin àkọ́kọ́. Ohun tí ó yẹ kí ẹ fojú sí ni àwọn àgbàlá rẹ̀, tí èdè Àkúrẹ́ ń pè ní ùà. Wọ́n lé ní mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ùà Ubura ni wọ́n ti ń búra. Ùà Ìkọ́mọ ni ti ìkọ́mọjáde. Ẹ béèrè orúkọ àti iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń kọjá, kí ẹ sì fi wé ààfin tí ẹ rí lórí òkè láàárọ̀: àgbàlá tí ojú ọ̀run ń wò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíká, ògiri amọ̀ nínípọn tí kì í jẹ́ kí ooru wọlé. Ìlànà kan náà ni wọ́n fi kọ́ àwọn méjèèjì. Ní ti Ìdànrè, ìlú gbéra, ó fi ààfin sílẹ̀ lókè; ní ti Àkúrẹ́, ìlú dúró, wọ́n sì kọ́ ààfin ìgbàlódé sínú ọgbà kan náà. Ọba Adésídà Kìíní, tí ó jọba láti 1897 títí di 1957, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà tí ó tóbi jù ní ìlú, wà lórí ìtẹ́ nígbà tí àwọn ará Ìdànrè ń sọ̀ kalẹ̀. Ọba kan ṣoṣo, ọgọ́ta ọdún, ni ojú rẹ̀ rí gbogbo àyípadà yẹn ní àgbègbè yìí.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé Kábíyèsí kọjá tàbí kí wọ́n ní kí ẹ wá kí i, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, gbogbo fìlà á sì kúrò lórí. Ẹ má na ọwọ́ láti bọ ọba lọ́wọ́. Àwọn ìjòyè àti àwọn ìránṣẹ́ ààfin náà ni kí ẹ kí bí ẹ ṣe ń kí àgbà, kí ẹ sì fún ẹni tí ó bá mú yín yíká ní ohun tí ọwọ́ yín bá ká. Ọjà Ọba wà nítòsí. Bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kejì

Ọjọ́ kejì ni ti Ihò Eléérú, nítòsí Ìṣarun ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ́. Apá ibòmíràn ni ó wà, ní ọ̀nà tí ó gba iwájú FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́, lọ sí Ìgbàrà-Òkè, kò sì sí àtẹ̀gùn tàbí irin tí ẹ ó dì mú. Níbẹ̀ ni Thurstan Shaw, òyìnbó awalẹ̀pìtàn, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti wú egungun ènìyàn kan jáde ní 1965, tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 11,000 ọdún, tí ó sì wà lára èyí tí ó pẹ́ jù tí wọ́n tíì rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n tún agbárí náà yẹ̀ wò ní 2011 rí i pé ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn ènìyàn ìgbà tí ó jìnnà ju ìyẹn lọ. Abẹ́ àpáta ńlá kan ni, láàárín oko àti igbó, ẹsẹ̀ ni ẹ ó sì fi rìn parí ọ̀nà náà. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà Ìṣarun, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, kí wọ́n fún yín ní ẹni tí yóò mú yín dé ibẹ̀, kí ẹ sì wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀. Àárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni ó dára jù fún un, nígbà tí ipa ọ̀nà oko bá ti gbẹ. Ọyẹ́ tí ó ń bo ojú ìran ní Ìdànrè kò ní dí yín lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ abẹ́ àpáta náà gan-an ni ẹ lọ wò.